Ẹ wá ka ìgbín kí ìsun tó gbẹ: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àgbẹ̀ ní Kétu

Sí ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Àgbẹ̀ tó wà nílùú wa, Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo lè kọ ọ́ sínú ìwé kan kí n tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ omi ni, omi kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Ọkùnrin tó ń ta omi lẹ́nu ẹ̀rọ ni mí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀, tí mò ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń gbé bàsíà àti bìdọ́ọ̀nù wá, tí mo sì ń tì í lálẹ́. Ìwé mi kò pọ̀. Ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́ ni mo fi ń ka nǹkan lórí fóònù nígbà tí èrò kò bá tíì pọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọ̀rọ̀ ìgbín kan pàdé, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi láti oṣù tó kọjá.

Ọ̀pọ̀ nínú ìgbín náà kò tó hóró ìrẹsì. Òmíràn nínú wọn kò ju hóró yánmọtí lọ. Láti mìlímítà 1 sí 8 ni gíga wọn, ọ̀pọ̀ ni kò sì tó 5. Ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé, ní Nevada, Utah, Idaho, Arizona, títí dé Texas, ní ilẹ̀ aṣálẹ̀. Kì í ṣe lórí iyanrìn o. Inú ìsun omi tó ń ru jáde lábẹ́ àpáta ni, níbi tí gbogbo àyíká rẹ̀ gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀. Pyrgulopsis ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé tó lérò jù nínú wọn, irú tó wà nínú ìdílé yẹn nìkan lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ìyá ẹlẹ́kọ tó máa ń kọ́kọ́ dé lójoojúmọ́ rí mi tí mo tẹjú mọ́ fóònù. Ó ní, "Àkànní, kí lò ń wò tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá mi, ìgbín ni o."

"Ṣé ó tóbi?"

"Igba rẹ̀ kò kún ṣíbí."

Ó gbé bàsíà rẹ̀ kalẹ̀. "Kò ṣeé sè, kò ṣeé tà. Kí ló wá ń ṣe láyé?"

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí n kò ní èsì. Mo ti wá ní in báyìí, òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Inú omi ni àwọn ìgbín wọ̀nyí ti ń mí bí ẹja. Wọn kì í jáde. Bí ibi tí wọ́n wà bá gbẹ, wọ́n kú nìyẹn. Ìgbín inú oko wa lè lẹ ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó máa dúró de òjò. Àwọn wọ̀nyí kò mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ni ìyá wọn ń lẹ̀ mọ́ òkúta, ibẹ̀ náà lọmọ yóò ti máa rá kiri, kì í ba omi lọ. Ẹ̀mí wọn kì í sábà ju bí ọdún kan lọ. Ohun ọ̀bọ̀rọ́ aláwọ̀ ewé tó máa ń bo òkúta inú omi ni oúnjẹ wọn. Nítorí náà, ìgbín tó wà nínú ìsun yìí kò lè kí ti ìsun kejì, bí kejì kò bá tilẹ̀ ju ìrìn wákàtí kan lọ. Bí wọ́n ṣe ya ara wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn, tí ìsun kan fi lè ní irú tirẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé.

Ẹ wá gbé e yẹ̀ wò bí mo ṣe gbé e yẹ̀ wò lórí àga mi lẹ́nu ẹ̀rọ. Ilẹ̀ yẹn lómi nígbà kan. Adágún ńlá méjì wà níbẹ̀ nígbà òtútù àtijọ́, Lahontan ní apá Nevada àti Bonneville ní apá Utah. Wọ́n ti gbẹ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún lọ. Adágún iyọ̀ tó wà ní Utah dòní jẹ́ ìyókù Bonneville. Aṣálẹ̀ dé. Bí ẹ bá wá rí ìgbín tí kò lè rìn lórí ilẹ̀, tí kò lè fò, tí kò lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn ọjọ́ díẹ̀, tó sì wà nínú ìsun kan láàárín aṣálẹ̀ náà, ohun tó ń sọ fún yín ni pé ìsun yẹn kò gbẹ rí láti ìgbà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kò gbẹ lọ́dún kan. Kò gbẹ lọ́sẹ̀ kan. Ẹlẹ́rìí ni. Ìyá ẹlẹ́kọ, ohun tó ń ṣe láyé nìyẹn.

Ẹni tó ń ta omi ló lè mọ bí ẹ̀rí yẹn ṣe wọ́n tó.

Kétu kì í ṣe aṣálẹ̀. Òjò ń rọ̀ fún wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àmọ́ orí òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n tẹ ìlú wa dó sí, Plateau gan-an sì ni ìjọba sọ ẹ̀ka ilẹ̀ wa. Omi abẹ́ ilẹ̀ jìn níbí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìkòkò ńláńlá máa ń wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó bá sì fi omi òjò ṣeré, yóò jẹ ẹgba. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, tí ìkòkò tán, ìsun ni a ń lọ. Ẹ bi àwọn àgbà wa léèrè ìsun tí kò gbẹ rí. Olúkúlùkù yóò sọ pé ti abúlé òun ni. N kò pè wọ́n ní òpùrọ́ o, àmọ́ ìrántí ènìyàn kì í ju ọgọ́rin ọdún lọ, bí ẹ̀mí bá sì gùn.

Ìsun kan wà lọ́nà oko bàbá mi, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí igi bò. Ibẹ̀ tutù débi pé ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ dé kí ẹ tó rí omi. Nígbà yẹn, sòbìà ṣì ń yọ lẹ́sẹ̀ àwọn ènìyàn, wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá wa láti máa fi aṣọ funfun sẹ́ omi. Ìyá mi á ta aṣọ náà bo ẹnu ìkòkò, á máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀, èmi á di etí kan mú. Bí omi bá ti sẹ́ tán, àwọn nǹkan dúdú kéékèèké á wà lórí aṣọ. Mo máa ń ka wọ́n. Mo rò pé iyanrìn ni wọ́n, títí ọ̀kan fi yọ ìwo. Mo pariwo, ìyá mi sì gbọn aṣọ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí n yé dá òun dúró. Lójoojúmọ́ la ń gbọn wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Irú ìgbín wo ni? N kò mọ̀ títí dòní. Kò tóbi tó ìṣáwùrú, kò ní orúkọ lẹ́nu wa.

Lẹ́yìn náà, àwọn kan wá láti ìta, wọ́n fẹ́ ṣe oore, wọ́n sì ṣe é. Wọ́n gbẹ́ ojú ìsun náà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó, wọ́n ki páìpù bọ inú rẹ̀. Omi mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n kò ní í jiyàn rẹ̀. Inú rírun àwọn ọmọdé dín kù. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò sí òkúta tí omi ń gba orí rẹ̀ kọjá mọ́, kò sí ọ̀bọ̀rọ́ aláwọ̀ ewé, àwọn ẹlẹ́rìí mi sì parẹ́. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, páìpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ẹni tó bá ti lo páìpù yóò mọ ohun tí mò ń sọ: afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ sú jáde, omi díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Lónìí, afẹ́fẹ́ nìkan ló kù. Ìgbà wo ni omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Inú sìmẹ́ńtì ló ti ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ti mọ irú èyí dáadáa ní Amẹ́ríkà. Ní Idaho, ìgbín kan wà létí odò Bruneau tó jẹ́ pé ìsun omi gbígbóná ni ilé rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ òkè lọ́hùn-ún ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ láti bu rin oko. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni àwọn ìsun náà ń gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìgbín sì ń dín kù. Ní 1993 ni ìjọba wọn kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Èmi kò sí lẹ́yìn ẹni tó ní kí àgbẹ̀ má fa omi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìgbín ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé omi ti ń lọ. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ní Bruneau, omi ló kọ́kọ́ fà, ìgbín tẹ̀ lé e, àgbẹ̀ ló kù tó máa tẹ̀ lé wọn.

Ẹjọ́ kan ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní 1976, lórí ẹja tí kò gùn ju ìka lọ tó ń gbé inú ihò omi kan ní Nevada, ihò tí wọ́n ń pè ní Devils Hole. Ilé ẹjọ́ ní kí àwọn tó ń fa omi nítòsí dín in kù kí omi inú ihò má baà lọ sílẹ̀ ju ibi tí ẹja náà ti lè yé ẹyin. Ní Ash Meadows tó yí i ká, ẹ̀dá tí kò sí níbòmíràn láyé lé ní ogún, ìgbín ìsun sì wà lára wọn. Láti 1984 ni ìjọba ti sọ ilẹ̀ náà di ibi ààbò. Ìlú Las Vegas náà fẹ́ fi páìpù fa omi láti àwọn àfonífojì jíjìn, ọ̀nà nǹkan bí 480 kìlómítà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1989, wọ́n sì pa á tì ní 2020.

Àmọ́ èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Phantom Lake Spring ní Texas, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Inú ihò àpáta ni omi ibẹ̀ ti ń jáde. Ó ń dín kù láti ọdún pípẹ́, títí ó fi dáwọ́ dúró pátá nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń parí lọ. Irú ìgbín méjì wà níbẹ̀, kékeré bí irúgbìn ata, àti ẹja pẹ̀lú. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ tó ń fa omi láti inú ihò bọ́ sínú adágún kékeré tó kù, kí àwọn ẹ̀dá náà má baà kú. Ní 2013 ni òfin gba àwọn ìgbín náà sábẹ́ ààbò.

Ẹ rò ó. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìgbín ni oníbàárà rẹ̀, wọn kì í sì í san fáráǹkì kan. Mo mọ ìwà ẹ̀rọ. Kì í bàjẹ́ lọ́sàn-án tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà nítòsí. Bí tèmi bá dákẹ́ lóru, tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìyá á bú mi, wọ́n á bú ìyá tó bí mi, wọ́n á sì gba ibòmíràn lọ. Àwọn oníbàárà ti ọ̀gbẹ́ni yẹn kò ní ibòmíràn. N kò mọ̀ bóyá ó máa ń sùn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ: ìgbín inú omi ló ń kó àtọ̀sí ajá ran àwọn ọmọ, kí ló dé tí ọkùnrin yìí fi ń bẹ̀bẹ̀ fún un? Òótọ́ ni pé ìgbín ló ń gbé kòkòrò yẹn, mo sì ti rí ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé jù mí lọ. Bulinus àti Biomphalaria ni àwọn tó ń gbé e nílẹ̀ Áfíríkà, atẹ́gùn òkè omi ni wọ́n ń mí sínú, wọn kò sì ní ìdérí lẹ́nu ìkarahun. Ìgbín ìsun ní ìdérí, bí ìṣáwùrú ṣe ní in. Ọmọdé lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ yẹn bí ẹnì kan bá kọ́ ọ. Bí a bá mọ ìsun tó ní aláìnídèérí, a ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má wọ ibẹ̀. Ìwé kan náà tí ẹ bá kọ yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ìgbín kan wà tó ń da àwọn ìsun aṣálẹ̀ náà láàmú, Melanoides tuberculata, gígùn ṣóńṣó bí òkòtó. Kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí àti gúúsù Éṣíà ni ilé rẹ̀; àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì ló gbé e kọjá òkun, ó bọ́ sínú ìsun wọn, ó ń bí bí eéṣú, ó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn onílé. Nígbà tí mo kà á, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú sì tún tì mí díẹ̀, bí ẹni tí ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ dá ìjà sílẹ̀ nílé àna. Ẹ wò ó, àwọn ará ibẹ̀ mọ orúkọ ìgbín tiwa ju àwa lọ.

Ìdí tí wọ́n fi mọ̀ ni pé àwọn kan lọ kà á. Ọ̀gbẹ́ni Robert Hershler, onímọ̀ ní Smithsonian, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀dá kan ní Washington, lo ọdún púpọ̀ láti ìsun dé ìsun. Nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó gbé jáde ní 1998, irú tuntun tó fún lórúkọ lé ní àádọ́ta. Ìkarahun wọn jọra débi pé kò tó láti fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ohun tí akọ fi ń jẹ́ akọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá ẹlẹ́kọ, ó ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, kò sí obìnrin tó máa ráyè bẹ́ẹ̀. (Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yín, ẹ wá já a ní irọ́.) Èmi tilẹ̀ ń rò ó pé bí oníṣọ̀nà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá fẹ́ gbẹ́ ìgbín yìí sórí ìbòjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò àti ẹyẹ, abẹ́rẹ́ ni yóò fi gbẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ fóònù tí mo fi ka gbogbo èyí pẹ̀lú wà níbẹ̀. Lítíọ́ọ̀mù wà nínú bátìrì rẹ̀. Ní Thacker Pass, ní àríwá Nevada, wọ́n ń ṣe ibi ìwakùsà lítíọ́ọ̀mù ńlá kan, ìgbín ìsun kan sì wà ní agbègbè náà tó jẹ́ pé ìsun díẹ̀ níbẹ̀ nìkan ni ilé rẹ̀. Àwọn kan ti kọ̀wé sí ìjọba ní 2022 pé kí òfin gbà á. N kò lè sọ pé kí wọ́n má wa kùsà, fóònù ń bẹ lọ́wọ́ mi. Mo kàn rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni ìdí tí ẹnikẹ́ni fi lè gba ẹjọ́ ìgbín yẹn rò: ẹnì kan ti lọ síbẹ̀, ó ti kà á, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí katakata tó dé.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Àwọn ìsun wà tí sìmẹ́ńtì kò tíì bò. Èmi nìkan mọ mẹ́fà tí alùpùpù lè dé ìtòsí rẹ̀, àwọn ọdẹ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́kọ́ tó dà á rú. Iṣẹ́ náà kò gba owó: asẹ́ tó dí, abọ́ funfun, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ láti fi fọ òkúta, ìbọ̀wọ́ rọ́bà nítorí àtọ̀sí ajá, àti ìwé. Kí wọ́n kọ bí omi ṣe jìn tó, bó ṣe gbóná tó, àti ohun tó ń rìn nínú rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n padà lọ́dún tó ń bọ̀ sí òkúta kan náà. Mo mọ̀ pé ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ẹja ní Adjohoun. Bí ọ̀rọ̀ ìgbín bá sú àwọn tiyín níbí, àwọn yẹn lè mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé àwọn ìgbín ìsun tiwa kò dà bí ti aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún, pé wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nígbà tí odò bá kún. Ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, n ó gbà.

Ohun kan tún kù. Bí àwọn olóore bá tún fẹ́ fi sìmẹ́ńtì bo ìsun kan, ẹ bá wa sọ fún wọn, ẹ̀yin tí wọn yóò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, pé kí wọ́n fi àyè kékeré sílẹ̀ lẹ́yìn páìpù, bí ìgbésẹ̀ méjì, kí omi máa ṣàn lórí òkúta. Omi mímu kò ní í dín kù nítorí ìyẹn. Èyí tó kù yóò tó fún àwọn tí ìyá mi máa ń gbọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Orúkọ nìkan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí àwa sọ ọ́. Bí ẹ bá rí irú kan tí kò sí nínú ìwé, ẹ fún un ní ti Látìnì bó ṣe yẹ, àmọ́ kí ẹ tó pe ti Yorùbá, ẹ wá sẹ́nu ẹ̀rọ mi láàárọ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ ti ní òun ní orúkọ kan lọ́kàn. Kò tíì sọ ọ́ fún mi.

Ọjọ́ Ajé ni n kì í ṣí ẹ̀rọ kí agogo mẹ́wàá tó lù, nítorí ọjọ́ náà ni mo ń nu ilé ẹ̀rọ. Bí ẹ bá tètè dé, kí oòrùn tó mú, a ó ti dé ìsun àkọ́kọ́ kí n tó padà wá ṣí i. Ẹ wọ bàtà gígùn, koríko ibẹ̀ ga. Ẹ má gbàgbé abọ́ funfun.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń ta omi lẹ́nu ẹ̀rọ, ní Kétu